Abẹ Méje Karl Schaaf

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1987, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wó ilé ìpọ́nbẹ àtijọ́ kan létí odò Wupper, nísàlẹ̀ òkè Widdert ní ìlú Solingen, rí àpótí páànù kan láàárín òkúta ògiri. Ọjọ́ náà wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Abẹ ìfárùngbọ̀n méje ló wà nínú àpótí, irú èyí tí wọ́n ń ká sínú èkù. Wọ́n fín orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn wọn, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnì kan ti fi ìṣó ha orúkọ sára ìdérí: K. Schaaf.

Ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ lẹ́yìn náà, pé wúrà wà nínú àpótí yẹn, irọ́ ni. Abẹ ni, gbogbo wọn ló sì ti dógùn-ún.

Karl Schaaf ti kú láti ọdún 1938. Eruku òkúta ìpọ́nbẹ ló dì í láyà pa, bó ti pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin òkè náà. Ṣùgbọ́n Alma ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ń dá gbé nínú yàrá méjì. Nígbà tó wà lọ́mọge, alábàárù abẹ ni. Òun ló ń ru agbọ̀n irin láti ilé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lórí òkè lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nínú ìlú, òun náà ló sì ń ru tuntun bọ̀. Ọrùn rẹ̀ kò tíì tẹ̀ dòní. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà fún un, kò sunkún. Ó fi ìborùn wé e, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gun òkè lọ sí ilé Ewald Tesche.

Ewald jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Amábẹdán ni. Apọ́nbẹ ló ń sọ irin di tẹ́ẹ́rẹ́, amábẹdán ló ń sọ ọ́ di dígí. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nínú yàrá kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì kan ti ń yí kẹ̀kẹ́ onígi tí wọ́n fi awọ bò. Ilé mọ́kànlá ló ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òpópónà yẹn nígbà kan. Nígbà tí à ń wí yìí, ó ku tirẹ̀ nìkan. Rolf ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní Köln, kì í pè é lórí fóònù kó má sọ fún un pé kó ta ẹ́ńjìnnì náà fún oníirin àlòkù.

Alma tú ìborùn lórí tábìlì ilé ìdáná.

“Ewald, ṣé o mọ ohun tó wà nínú èyí?”

“Bó bá jẹ́ kéèkì ni, Màmá Alma, ẹ gbé e fún Hulda. Dókítà ti fòfin de ẹnu mi.”

“Abẹ Karl ni.”

Hulda ìyàwó Ewald fi ọ̀dùnkún tó ń bó sílẹ̀. Kò sí àgbàlagbà kan ní Widdert tí kò mọ ìtàn abẹ náà. Ní ọdún 1931, Karl pọ́n abẹ méje kan fún ilé iṣẹ́ kan nínú ìlú. Ẹní bá rí wọn á sọ pé wọ́n tinrín bí awọ àlùbọ́sà. Ọ̀gá ayẹ̀wò ilé iṣẹ́ náà gbé wọn wò, ó sì dà wọ́n padà sínú agbọ̀n. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ti jó. Irin tó bá gbóná jù lẹ́nu kẹ̀kẹ́, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò lè gé irùngbọ̀n mọ́, bó ti wù kó dán tó. Bí ọ̀kan bá sì ti bàjẹ́ nínú méje, méje ló bàjẹ́. Karl lọ bá ọkùnrin náà, ó ní kó fi èyí tó jó hàn òun. Ọkùnrin náà ní òun kò ráyè. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ilé iṣẹ́ tó tún gbé abẹ fún Karl. Ọ̀bẹ àpò, ọ̀bẹ ìbó-ọ̀dùnkún, ni ó ń pọ́n títí àyà fi pa á. Abẹ méje yẹn, ó ní òun ti fi wọ́n síbi tí ojú ayẹ̀wò kankan kò ti ní í tó wọn. Kò sì sọ ibẹ̀ fún aya rẹ̀.

“Èmi ni mo rù wọ́n lọ,” Alma wí. “Orí mi yìí ni. Èmi náà ni mo rù wọ́n bọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta rèé tí mo ti ń sọ pé Karl ò jó abẹ kankan. Wọ́n á ní, ‘Alma, ó ti tó, jẹ́ kí òkú sùn.’ Ewald, bá mi bó ìpata yìí kúrò, kí n gbé wọn lé èékánná mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Kí n gbé wọn lé èékánná kí n tó kú.”

Àyẹ̀wò èékánná ni gbogbo oníṣẹ́ abẹ ní Solingen gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n á gbé ẹnu abẹ lé èékánná àtàǹpàkò ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹnu abẹ náà á wú bí omi tí ẹja gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí irin bá pé, bí wọ́n bá ti gbé e kúrò, ẹnu náà á padà sípò gbọnrangandan. Bó bá ti jó, wíwú náà á dúró síbẹ̀, kò ní í padà mọ́. Àyẹ̀wò yìí kò ṣojúsàájú.

Ó yẹ kí Ewald sọ pé rárá. Ó mọ ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti gba ìka ọwọ́ rẹ̀. Kì í dùn ún. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀, pé kò sí ohun tó ń dùn ún mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Hulda rí i tó di ìkòkò kọfí mú lára, kì í ṣe níbi ìdìmú, tó sì ń da kọfí sínú ife jẹ́ẹ́. Nígbà tó gbé ìkòkò sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n yòò. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ìka sì ni amábẹdán fi ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í wọ ìbọ̀wọ́. Bí abẹ bá ń gbóná lẹ́nu kẹ̀kẹ́, ìka tó dì í mú ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Ìka á ní ó tó, ọwọ́ á ti abẹ bọ omi. Láàárín ìgbà tí ìka mọ̀ àti ìgbà tí irin bàjẹ́, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Pàápàá abẹ tó tinrín bíi ti Karl.

Ewald wo Alma, ó wo àpótí náà. “Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá,” ló wí.

Nígbà tí Alma lọ tán, Hulda kò gbé ọ̀dùnkún rẹ̀ mọ́. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín lẹ́nu kẹ̀kẹ́. Màá fi ìka mi kan ẹ̀yìn abẹ náà. Bó bá ti ń gbóná, màá sọ.”

“Kí àwọn ará Widdert wá máa wí pé ìyàwó Ewald ló ń fọwọ́ bá a ṣiṣẹ́?”

“Ta ló máa rí wa?”

“Èmi á rí wa.”

“Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, Bàbá.”

“Hulda, bó ọ̀dùnkún rẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn. Hulda mọ ilẹ̀kùn tí kì í ṣí.

Ewald rẹ abẹ méjèèje sínú kẹrosíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú àwo tí Hulda fi ń yan ẹran nígbà kan. Ọ̀rá màlúù tí Karl fi pa wọ́n ti gba àyè púpọ̀ là, àmọ́ ibi tí ọ̀rá ti gbẹ, ìpata ti fi ara irin ṣe bí ikán ti ń fi igi ṣe. Lójoojúmọ́, ó ń jókòó létí fèrèsé ilé ìdáná, ó tẹ́ ìwé ìròyìn, ó fi èdídí ìgò bọ ìyẹ̀fun òkúta dúdú tí wọ́n pò mọ́ òróró, ó ń ra á láti ẹ̀yìn abẹ lọ sí ẹnu, láti ẹ̀yìn lọ sí ẹnu. Kò ra á padà rí. Omi pupa bí ọbẹ̀ tó ṣan ń ṣàn sórí ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ yìí kò béèrè ìka tó ń gbọ́. Sùúrù ló béèrè, ojú sì ni, Ewald sì ní méjèèjì.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ìpata ti tán. Abẹ náà rí bí eérú, wọ́n kún fún ìlà wẹ́wẹ́ àti ojú ihò kéékèèké, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìpata mọ́. Hulda ti lọ kí àbúrò rẹ̀ ní ọsibítù. Ewald dá wà nílé. Ó gbé abẹ ọjọ́ Ajé, ó tẹ̀ ẹ́ lé èékánná òsì. Ó wú, ó padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà. Ọjọ́rú padà. Àwọn yòókù náà padà, títí ó fi dé èyí tó kẹ́yìn, abẹ ọjọ́ Ìsinmi, tó tinrín ju gbogbo wọn lọ. Ó wú gbòòrò, ó sì padà sípò bí ẹni pé wọn ò fọwọ́ kàn án rí.

Méjèèje pé. Karl kò jó abẹ kankan. Ọ̀gá ayẹ̀wò ọdún 1931 purọ́, tàbí ó ṣìnà, tàbí ó ń wá ọ̀nà láti dín iṣẹ́ kù lọ́dún tí ọjà kò tà. Ewald rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé ìdáná tó ṣófo.

Èèyàn á béèrè ìdí tí kò fi dé fìlà kó lọ pe Alma níṣẹ̀ẹ́jú yẹn. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n abẹ náà ṣì rí bí eérú. Láti ọdún 1930, kò sí iṣẹ́ kan tó jáde nílé rẹ̀ tí kò dán tí èèyàn ò lè fi wo eyín ara rẹ̀. Ó wò ó pé èyí lè jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn. Ó fẹ́ kí Alma rí ojú ara rẹ̀ nínú abẹ ọkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn. Kò sí òmíràn tó ju ìyẹn lọ.

Ó gbé wọn lọ sẹ́nu kẹ̀kẹ́.

Níwọ̀n bí ìka kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti dá ọgbọ́n mìíràn: ó ń kà. Á fi abẹ kan kẹ̀kẹ́, á fà á láti ìdí dé orí, ení, á tún fà á, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, á tì í bọ omi. Ẹ̀rin, omi. Ẹ̀rin, omi. Ọ̀nà ọmọ iṣẹ́ tuntun ni, ó lọ́ra, ó ń tini lójú, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí agogo ìjọ lu méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, abẹ mẹ́fà ti ń dán lórí aṣọ funfun. Ó ku ọjọ́ Ìsinmi.

Ìgbà náà ni Willi Bertram ti ilẹ̀kùn wọlé láìkànkùn, bó ti máa ń ṣe. Apọ́nbẹ ni Willi, ẹgbẹ́ Ewald ni, ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́wàá.

“Ewald! O ṣì wà láyé? Mo rò pé kẹ̀kẹ́ yẹn ti ká ọ mọ́ra.”

“Èmi ni màá sin ọ́, Willi. Jókòó, má fọwọ́ kan nǹkan.”

“Kí ni màá fọwọ́ kàn? Gbogbo ohun tó wà níbí ló dàgbà jù mí lọ.” Ó jókòó sórí àpótí, ó na ọrùn wo abẹ mẹ́fà náà. Ó súfèé. “Ti Karl nìyí? Ọwọ́ ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Òun ló wá pọ́n ọ̀bẹ ọ̀dùnkún kú.”

“Alma ń bọ̀ lọ́la.”

“Mo gbọ́. Ó ti pè mí. Ó ní kí n wá fi ojú mi rí i.” Willi yọ páìpù rẹ̀, ó ń wá ìṣáná. “Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ tó wà nílé iṣẹ́ ńlá báyìí, ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀? Ìbọ̀wọ́! Bí ìyàwó tó fẹ́ yọ búrẹ́dì nínú ààrò. Mo rí ọ̀kan tó tilẹ̀ ń kà. Ó ń kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, ó tì í bọ omi bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo ní, ‘Ọmọ mi, bí irin ò bá bá ọ sọ̀rọ̀, lọ gbin ọ̀dùnkún.’ ”

Ewald bá a rẹ́rìn-ín. Abẹ ọjọ́ Ìsinmi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń yí.

“Kí lo dúró wò?” Willi wí. “Àbí o fẹ́ kí n bojú?”

Ewald fi abẹ kan awọ. Ó fà á, ó tún fà á. Kò kà. Ó dì í mú wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ìka rẹ̀ ń gbọ́, ó gbé ojú kúrò lára abẹ díẹ̀ bí àwọn ọ̀gá ti máa ń ṣe, ó ń dá Willi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bó ti ń lọ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹní bá rí i á ní ọ̀gá ni. Irin lè ti máa pariwo. Etí ìka rẹ̀ ti di.

Nígbà tó bojú wolẹ̀, ó rí i. Ìlà kan lẹ́nu abẹ náà, nítòsí orí, kò gùn ju èékánná lọ, tó dúdú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró.

Ó tì í bọ omi. Omi ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó ti jó ti jó.

Willi tẹrí ba lórí páìpù, ó ń fi ìṣáná ṣá a. Bóyá ó rí i, bóyá kò rí i, Ewald kò mọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì sí ẹni tó mọ̀ títí dòní.

“O dákẹ́,” Willi wí.

“Mo ń ṣiṣẹ́.”

Ohun tó burú nínú àwọ̀ aró tí irin tó jó ń ní ni pé ó rọrùn láti nù kúrò. Ìfà mẹ́ta lẹ́nu kẹ̀kẹ́, àwọ̀ náà ti lọ. Abẹ ọjọ́ Ìsinmi dán ju àwọn mẹ́fà yòókù lọ. Willi gbé e sókè sí fèrèsé, ó wo eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní, “Ewald, ìwọ ni ẹni ìkẹyìn. Lẹ́yìn rẹ, ó tán.” Ó sì lọ sílé rẹ̀ lọ jẹun.

Ewald jókòó sórí àpótí tí Willi jókòó sí. Kò dán abẹ náà wò lórí èékánná. Kò nílò rẹ̀. Nígbà tí Hulda pè é wá jẹun, ó ní ebi ò pa òun. Hulda yọjú wọlé, ó wo abẹ méje tó ń dán, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀. Orí ìka ìfábẹ̀lá ti wú, ó ti lé ròrò. Ó mú epo ìpara wá, ó fi pa á. Kò béèrè nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta ọ̀sán, Alma dé nínú aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ sí ìjọ. Willi ti wà níbẹ̀. Hulda ti yan wáfù, kéèkì pẹlẹbẹ, ó se ìrẹsì mọ́ mílíìkì, ó gbé ìkòkò kọfí ńlá sáàárín tábìlì bí ẹni pé ọjọ́ ìbí ni. Alma kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó abẹ náà sórí rẹ̀ bí ọjọ́ ti tẹ̀ lé ọjọ́.

Nígbà tó rí wọn, ó fọwọ́ bo ẹnu. “Háà, Ewald. Háà, ọmọ mi. Bí wọ́n ti rí nínú agbọ̀n nìyí.”

“Ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, Màmá,” Ewald wí. “Ẹ ti rí wọn. Wọ́n dára. Kí lẹ tún fẹ́ fi èékánná ṣe?”

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” Alma wò ó bí ẹni tó bá a sọ èdè àjèjì. “Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe wá.”

Ó gbé abẹ ọjọ́ Ajé. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ nípọn, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ẹnu abẹ wú, ó padà.

“Ẹ rí i?” ló wí.

“A rí i,” Willi dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ní gbogbo ìgbà, Alma ń sọ pé, “Ẹ rí i?” Willi ń sọ pé, “A rí i, Alma, a rí i.” Ọjọ́ Ẹtì padà. Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta náà padà, ìyá àgbàlagbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Willi. “Sọ̀rọ̀ nísinsìnyí! Ṣebí ìwọ lo sọ nílé ọtí lọ́jọ́ kan pé kò sí èéfín láìsí iná?”

“Mo ti mutí yó lọ́jọ́ yẹn.”

“O ti mutí yó láti ọdún 1931.”

Hulda pàápàá rẹ́rìn-ín. Ewald nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di etí tábìlì mú. Ó mọ̀ pé bí òun bá máa sọ̀rọ̀, nísinsìnyí ni, kó tó gbé ìkẹyìn. Gbólóhùn kan péré ni: Mo ti dán méjèèje wò ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pé, èmi ni mo jó eléyìí. Ó la ẹnu. Ó rí Willi tó ń nu omijé ẹ̀rín, Willi tó pè é ní ẹni ìkẹyìn. Ó pa ẹnu dé.

Alma gbé abẹ ọjọ́ Ìsinmi lé èékánná. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Ó wú, ó padà. Ó wú, ó padà. Nígbà tó dé ìtòsí orí, ó wú, Alma gbé ọwọ́ kúrò, wíwú náà sì dúró síbẹ̀, ó kákò bí etí ewé tí oòrùn pa.

Ó tẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú èékánná kejì. Kò gbọ́. Ó gbé e sítòsí fèrèsé, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kọfí ti tutù. Hulda ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, orí ìka tó lé ròrò tí epo ìpara ṣì wà lára rẹ̀. Willi ń wo ilẹ̀.

Alma rọra gbé abẹ náà sílẹ̀ lórí ìborùn, ní ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní láti na etí sí i.

“Ewald, ìwọ lo jó o, àbí òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ láti 1931?”